Ilẹ̀ Tó Kan: Ọ̀rọ̀ Lórí Ajílẹ̀ àti Oko Wa ní Ìbàràpá

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé àjọ̀dún yìí kọ̀wé sí mi pé kí èmi náà fi nǹkan ránṣẹ́, mo mọ ohun tí wọ́n ń retí. Ẹni tó bá ti di alùfáà, wọ́n a máa rò pé ọ̀rọ̀ ilé ìsìn ilé-ẹ̀kọ́ wa ni yóò kọ, tàbí ti àwọn olùkọ́ wa tí wọ́n ti sùn nínú Olúwa. Àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ wa yóò ṣe èyíinì, wọn yóò sì ṣe é dáadáa jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí sọ. Ìdí kan ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa, bó ti wù kí a pẹ́ tó ní Èkó tàbí ní òkè òkun, ló ṣì ní ìpín nínú oko bàbá rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Ìdí kejì ni ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní ìjọ tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn kí n tó fẹ̀yìntì.

Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n, ìjọ kan náà ni wọ́n sì ń lọ. Bàbá wọn fi ilẹ̀ oko sílẹ̀ fún wọn láàrin Igbó-Ọrà àti Ẹrúwà, wọ́n pín in sí méjì, wọ́n sì gbin pèrègún sí ààlà. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn ìlànà ìgbàlódé. Ọdọọdún ló ń gbin àgbàdo, ọdọọdún ló sì ń da ajílẹ̀ inú àpò sí i. Àbúrò kò lówó ajílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí pẹ̀lú àgbàdo díẹ̀ ló ń gbìn, ó ń fi apá kan oko sílẹ̀ kó di igbó, ó sì ń ru ìgbẹ́ adìẹ tí ìyàwó rẹ̀ ń sìn lọ sí oko. Fún ọdún púpọ̀, oko ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ènìyàn ń yìn. Nígbà tó yá, ewé àgbàdo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, igi rẹ̀ ń ràn, ọmọ tó ń yọ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ó fi àpò kún àpò, kò yàtọ̀. Ní òdìkejì pèrègún, àgbàdo ìwọ̀nba tí àbúrò gbìn dúdú mìnìmìnì.

Ẹ mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ báyìí máa ń já sí nílẹ̀ wa. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta pé àbúrò ti ri nǹkan mọ́ ààlà. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ìyá méjì yìí kò fi kí ara wọn mọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹ̀gbọ́n wá bá mi pé kí n tẹ̀ lé òun lọ gbàdúrà sí ilẹ̀ náà, kí n sì ta òróró sí i. Ó ní bí kò bá tún dára ní ọdún yẹn, òun yóò tà á fún àwọn tó ń ra ilẹ̀ kiri.

Mo lọ, mo sì gbàdúrà. N kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò nílé, mo ti ki àpò ọ̀rá méjì bọ agbádá. Mo bu erùpẹ̀ ní ọ̀tún pèrègún, mo bu ní òsì, mo sì fi méjèèjì ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ní Ìbàdàn. Nígbà tí èsì dé, iye tí wọ́n kọ síwájú ilẹ̀ àbúrò lé ní 6. Ti ẹ̀gbọ́n kò tó 5. Ẹ̀gbọ́n wo ìwé náà, ó ní, "Alàgbà, ṣé ìyàtọ̀ ẹyọ kan àti díẹ̀ yìí náà ni?" Ìdáhùn tí mo fún un lọ́jọ́ náà kò tó. Èyí tí mo ń kọ yìí ni ìdáhùn tí ó yẹ kí n ti fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó nínú iyàrá ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì wa yóò rántí bébà lítímọ́ọ̀sì. Olùkọ́ wa fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife, ó ti bébà búlúù bọ̀ ọ́, bébà náà sì pọ́n. Ó tún gbé omi eérú wá, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, ó ti bébà pupa bọ̀ ọ́, ó sì di búlúù. Ohun gbogbo tó bá ní omi nínú ló wà níbì kan láàrin ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi eérú, ilẹ̀ oko náà sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 1909 ni Søren Sørensen, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò Carlsberg ní ìlú Copenhagen, ṣe òṣùwọ̀n tí a ń pè ní pH láti fi wọn èyí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó sì ń lọ sí 14. Ohun tó bá wà ní 7 kò kan, kò sì dà bí omi eérú. Bí iye náà bá ṣe ń wálẹ̀ sí i ni kíkan ń pọ̀ sí i.

Ibi tí ó ti ń tan ènìyàn jẹ ni pé ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Ilẹ̀ tó wà ní 5 kan ju èyí tó wà ní 6 lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Èyí tó wà ní 4 kàn jù ú lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà ìyàtọ̀ "ẹyọ kan àti díẹ̀" tí ẹ̀gbọ́n rí lórí ìwé kì í ṣe nǹkan kékeré rárá.

Báwo wá ni kíkan ilẹ̀ ṣe kan àgbàdo? Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àgbàdo ń jẹ. Nínú gbogbo oúnjẹ tí ọ̀gbìn ń wá nínú ilẹ̀, náítrójìn wà lára èyí tó ń bèèrè jù. Òun ló ń mú ewé dúdú, tó sì ń mú igi ga. Ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú ló jẹ́ náítrójìn, ṣùgbọ́n àgbàdo kò lè jẹ ẹ́ láti inú afẹ́fẹ́, bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tó sì dúró sétí òkun. Inú ilẹ̀ ni àgbàdo ti ń wá a, níbi tí ewé jíjẹrà, gbòǹgbò tó ti kú, àti ìgbẹ́ ẹran ti kó o pamọ́ sí. Kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n ń tú u sílẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ń jẹ ohun tó ń jẹrà, wọ́n sì ń fi amóníà sílẹ̀, ohun kan náà tó ń ta sánsán nínú ilé adìẹ tí a kò gbá. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ẹ̀yà méjì mìíràn tí iṣẹ́ wọn so mọ́ ara. Ti àkọ́kọ́ ń sọ amóníà di náítráìtì, ti èkejì ń gba náítráìtì ó ń sọ ọ́ di náítréètì. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ mọ iṣẹ́ gàrí mọ bí ó ti rí: ẹni tó ń rin ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ẹni tó ń yan án, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń rin ín bá jókòó, agbada ẹni tó ń yan án yóò tutù.

Àgbàdo lè jẹ amóníà díẹ̀ ní tààrà, àti pé kí n má baà sọ àsọdùn, àwọn ọ̀gbìn kan tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n amóníà nínú ilẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ amọ̀ bí ẹ̀kọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ewé, gbòǹgbò ni yóò wá a lọ. Náítréètì kì í lẹ̀. Omi ló ń bá rìn, omi ló sì ń gbé e dé ẹnu gbòǹgbò. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé náítréètì ni ọ̀pọ̀ ọ̀gbìn orí ilẹ̀ gbígbẹ, pàápàá àgbàdo, ń jẹ jù nínú oko tí ara rẹ̀ le.

A kò tètè mọ̀ pé ẹ̀dá alààyè ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1877, àwọn ará Faransé méjì, Schloesing àti Müntz, kó iyanrìn àti òkúta ẹfun lílọ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì gígùn kan, wọ́n sì ń jẹ́ kí omi ìdọ̀tí kán gba inú rẹ̀ kọjá. Fún nǹkan bí ogún ọjọ́, amóníà tó wọlé náà ló ń jáde. Lẹ́yìn náà ni náítréètì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bí ó bá jẹ́ pé iyanrìn lásán ló ń ṣe é, kí ló dé tí kò fi ṣe é ní ọjọ́ kìíní? Wọ́n wá fi èéfín kílórófọ́ọ̀mù, oògùn tí àwọn dókítà ń lò nígbà náà láti mú aláìsàn sùn, sínú ọ̀pá náà. Iṣẹ́ dúró. Nígbà tí wọ́n mú kílórófọ́ọ̀mù kúrò, tí wọ́n sì da omi tí wọ́n fi fọ erùpẹ̀ ọgbà sí i, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó lè sùn, tó sì lè jí, alààyè ni. Ẹ má ṣe gbàgbé òkúta ẹfun tí wọ́n pò mọ́ iyanrìn yẹn. A óò padà sórí rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí àwọn òṣìṣẹ́ náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni Sergei Winogradsky, ọmọ ìlú Kiev tó ń ṣe ìwádìí ní Zürich ní nǹkan bí ọdún 1890. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti gbìyànjú láti sìn wọ́n nínú ọbẹ̀ ẹran tó dì, bí a ṣe ń sin kòkòrò àrùn, wọn kò sì hù. Winogradsky ló rí i pé àwọn wọ̀nyí kì í jẹ ọbẹ̀. Amóníà ni iná ìdáná wọn, inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n sì ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ara wọn, láìsí oòrùn, nínú òkùnkùn ilẹ̀. Mo ti wàásù fún nǹkan bí ogójì ọdún, n kò sì tíì rí àpẹẹrẹ ìwà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó ju ti wọn lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yìí ni kò fẹ́ràn ilẹ̀ kíkan. Nínú ilẹ̀ tí pH rẹ̀ wà láàrin 6.5 sí 8, iṣẹ́ wọn a máa yá. Bí ó bá ti wálẹ̀ kọjá 6, ọwọ́ wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bí ó bá lọ sí ìsàlẹ̀ 5, ọ̀pọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dúró. Kì í ṣe pé kíkan nìkan ló ń jó wọn lára. Oúnjẹ wọn ló ń sá lọ. Amóníà ní ìrísí méjì nínú omi: ọ̀kan kò ru ẹrù kankan, èkejì ti gbé háídrójìn kan lé ara rẹ̀, a sì ń pè é ní amóníọ̀mù. Ti àkọ́kọ́ ni àwọn kòkòrò yìí ń jẹ. Nínú ilẹ̀ kíkan, háídrójìn ti pọ̀, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo amóníà ni yóò gbé ẹrù. Ìpele kan ní pH tó bá wálẹ̀, oúnjẹ tí wọ́n lè jẹ á dín kù ní ìlọ́po mẹ́wàá. Oúnjẹ wà níwájú wọn, wọn kò sì lè jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ṣe da àpò lé àpò, tí iṣẹ́ inú ilẹ̀ kò sì tẹ̀ síwájú.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ wàyí. Ta ló mú ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n kan? Àwọn òṣìṣẹ́ yìí náà ni. Nígbàkígbà tí wọ́n bá sọ amóníọ̀mù kan di náítréètì, wọ́n ń tú háídrójìn méjì sílẹ̀ sínú ilẹ̀, háídrójìn sì ni kíkan fúnra rẹ̀. Bí gbòǹgbò bá jẹ náítréètì náà tán, ó máa ń tú nǹkan sílẹ̀ tó ń tún díẹ̀ ṣe nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò ńlá bá fọ náítréètì lọ sí ìsàlẹ̀ kí gbòǹgbò tó dé, kíkan á kù sórí ilẹ̀, náítréètì tó ń lọ á sì fa kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù lọ́wọ́ lọ. Nínú oko tí ìgbẹ́ àti ewé nìkan ń bọ́, iṣẹ́ yìí ń lọ díẹ̀díẹ̀. Nínú oko tí a ń da àpò amóníà sí lọ́dọọdún, ńṣe ni a ń ti àwọn òṣìṣẹ́ láti ba ilé ara wọn jẹ́.

Ajílẹ̀ kò dọ́gba nínú èyí. Èyí tó burú jù ni sọ́fẹ́ètì amóníà, tí àwọn tó dàgbà nínú wa rántí dáadáa: funfun bí ṣúgà, nínú àpò. Láti tún kíkan tí kílò 100 rẹ̀ ń fà ṣe, yóò gbà tó nǹkan bíi kílò 110 òkúta ẹfun lílọ̀. Àpò méjì ajílẹ̀, ó lé ní àpò méjì ẹfun. Ta ni nínú wa ló gbọ́ èyí nígbà tí wọ́n ń tà á fún wa? Yúríà kò burú tó o bí a bá wo náítrójìn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fún ilẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ń mú ilẹ̀ kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní CAN, tí wọ́n ti po ẹfun mọ́ láti ilé-iṣẹ́, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan. NPK wà láàrin, ó sinmi lórí ohun tí wọ́n fi ṣe náítrójìn inú rẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi owó ara wọn kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní Woburn, ní ẹkùn Bedford, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ọkà bálì àti àlìkámà sórí ilẹ̀ oníyanrìn ní ọdún 1876, wọ́n sì ń da sọ́fẹ́ètì amóníà sí apá kan lọ́dọọdún. Kò tó ọgbọ̀n ọdún tí bálì apá ibẹ̀ fi kọ̀ láti hù dáadáa. Ẹfun ni wọ́n dà sí i tí ó fi padà bọ̀ sípò. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa pẹ̀lú. Ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, Juo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbin àgbàdo sórí ilẹ̀ kan náà fún ọdún márùn-ún, wọ́n sì fi sọ́fẹ́ètì amóníà, yúríà àti CAN wéra. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1995 tò wọ́n bí mo ti tò wọ́n lókè yìí: sọ́fẹ́ètì ló mú ilẹ̀ kan jù, yúríà tẹ̀ lé e, CAN ló gbẹ̀yìn. Irú ilẹ̀ tí wọ́n lò sì jọ tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa tiwa. Orí àpáta ìpìlẹ̀ ni Ìbàràpá jókòó lé. Ẹ ṣáà ń rí àwọn òkè àpáta tó yọrí láti Ìgàngàn títí dé Ẹrúwà. Ilẹ̀ tó ti ara àpáta bẹ́ẹ̀ wá a máa ní iyanrìn lókè, òkúta wẹ́wẹ́ àti yangí lágbedeméjì, amọ̀ nísàlẹ̀. Kì í kan púpọ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀, bí igbó bá wà lórí rẹ̀, yóò wà ní àyíká 6. Kò dà bí ilẹ̀ àwọn ará apá ìlà-oòrùn gúúsù, bíi Onne lẹ́bàá Port Harcourt, níbi tí òjò àrọ̀ìrọ̀dá ti mú ilẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni tó mú ọkọ́ débẹ̀. Kíkan tiwa, àfọwọ́fà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Iyanrìn òkè náà kò sì ní agbára láti kọ̀ ọ́: amọ̀ àti ìdọ̀tí jíjẹrà ló ń gba kíkan mọ́ra, àwọn méjèèjì sì kéré nínú iyanrìn.

Nígbà tí àwọn bàbá wa ń dáko, wọ́n á ro ilẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á sì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún igbó. Gbòǹgbò igi á lọ sísàlẹ̀ lọ fa kálísíọ̀mù tí òjò ti fọ̀ lọ, á gbé e wá sínú ewé àti èèpo. Nígbà tí wọ́n bá padà wá ṣán igbó náà, tí wọ́n sì fi iná sí i, gbogbo rẹ̀ á di eérú lórí ilẹ̀. Omi eérú tó sọ bébà pupa di búlúù ní iyàrá kẹ́mísírì wa ni òjò ń pò nínú oko wọn. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń yin iná. Náítrójìn inú igbó bá èéfín lọ, kòkòrò orí ilẹ̀ sì jóná. Ohun tí mo ń sọ ni pé eérú ń tún ilẹ̀ ṣe nígbà náà, àwa sì ti mú eérú kúrò, a mú igbó kúrò, a sì fi àpò amóníà rọ́pò wọn. Kajú ti gba ibi kan, àwọn tó ń fi katakata dá oko ẹ̀gẹ́ ńlá ti gba ibi mìíràn, àwọn ọmọ tí wọ́n pín ogún sì pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Ta ló fẹ́ fi oko sílẹ̀ fún ọdún méje lónìí?

Nǹkan mìíràn tí àwọn bàbá wa mọ̀ láìsí ilé àyẹ̀wò ni pé àgbàdo tí a bá fi òjò àkọ́rọ̀ gbìn máa ń yàtọ̀. H. F. Birch, tó ṣiṣẹ́ ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1958. Nígbà tí ilẹ̀ tó ti gbẹ kanrangandan bá gba omi àkọ́kọ́, àwọn kòkòrò tó kù á jí lójijì, wọn á sì tú ọ̀pọ̀ náítrójìn sílẹ̀ ní ìwọ̀nba ọjọ́. Ẹni tó bá ti gbìn ni yóò jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ń dúró de katakata, òjò á fọ tirẹ̀ lọ. Nínú ilẹ̀ kíkan, jíjí náà kì í tó bẹ́ẹ̀ láti di náítréètì.

Ó yẹ kí n jẹ́ olóòótọ́ níbi yìí. Dídúró tí àwọn òṣìṣẹ́ náítréètì dúró kọ́ ni gbogbo ohun tó pa àgbàdo ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí pH bá ti wálẹ̀ kọjá nǹkan bíi 5.5, alumíníọ̀mù inú amọ̀ a máa yọ́ sínú omi ilẹ̀, gbòǹgbò á kúrú, á sì ki. Fọ́sífọ́rọ́sì náà á di dídè mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àìtó rẹ̀ sì máa ń mú ewé àgbàdo ràn pọ́n. Ẹ̀gẹ́ lè fara da púpọ̀ nínú èyí, ìdí nìyí tí àgbẹ̀ fi máa ń sọ pé "ilẹ̀ yìí, ẹ̀gẹ́ nìkan ló gbà." Kì í sì ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ náítréètì ló ń sá fún kíkan. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ sọ nípa ọ̀kan tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ kíkan ní Scotland, tí pH tó wà láàrin 4 sí 5 tẹ́ lọ́rùn. Irú wọn ń ṣiṣẹ́ nínú ilẹ̀ kíkan káàkiri ayé, nítorí náà náítréètì kì í tán pátápátá. Ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ tó lè fi ìyẹn ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé fún àgbàdo.

Kí ni ṣíṣe? Àyẹ̀wò ni àkọ́kọ́, owó rẹ̀ kì í sì í pọ̀ tó ti ajílẹ̀ tí a ń fi ṣòfò. Ẹ má bu erùpẹ̀ lójú kan bí èmi ti ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹ rìn wọ́gọwọ̀gọ káàkiri oko, ẹ bu ní ibi bíi márùndínlógún sí ogún, kí ó jìn tó ìwọ̀n ṣíbó ọwọ́ kan, ẹ pò ó nínú garawa ọ̀rá, kí ẹ sì mú díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ yẹra fún ibi tí wọ́n ti dáná àti òkìtì ikán.

Bí ó bá ti kan, òkúta ẹfun lílọ̀ ni oògùn tó dájú, èyí tí Schloesing àti Müntz ti pò mọ́ iyanrìn wọn. A kò jìnnà sí i. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ńtì láti ọdún 1960, ọ̀nà Abẹ́òkúta sì nìyẹn. Mábù Ìgbẹ́tì, ní ìpínlẹ̀ wa yìí, ní magnẹ́síọ̀mù nínú pẹ̀lú. Àyẹ̀wò ni yóò sọ iye tí a ó dà, nítorí pé lórí iyanrìn bíi tiwa, àdàjù á dè síńkì àti irin mọ́lẹ̀. Ẹ dà á kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ pé kì í yára. Sìmẹ́ńtì kì í ṣe ẹfun o. Mo sọ ọ́ nítorí ẹnìkan ti bi mí.

Ẹni tí kò bá rí ẹfun, eérú ààrò gàrí tí wọ́n ń dà nù lẹ́bàá ọ̀nà ní Lánlátẹ̀ àti Ẹrúwà dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lágbára tó ẹfun. Ẹ má da eérú àti yúríà pọ̀ lójú kan, kí amóníà má baà fò lọ. Ìgbẹ́ adìẹ tó ń yé ẹyin dára jù lọ lójú tèmi: ìkarahun tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ adìẹ kún inú rẹ̀, ìyẹn sì ni ẹfun. Ẹ má fi ajílẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ dín in kù, ẹ pín in sí ìgbà méjì, ẹ fi erùpẹ̀ bò ó. Bí ẹ bá rí CAN, ẹ yàn án ṣáájú sọ́fẹ́ètì. Ẹ gbin ẹ̀wà láàrin ọdún.

Ní ti àwọn ọmọ ìyá méjì wa, mo pè wọ́n sí iyàrá ìwé mi, mo sì tẹ́ èsì àyẹ̀wò sórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n ka tirẹ̀, ó ka ti àbúrò, ó dákẹ́. Àbúrò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ìyàwó òun ní ìgbẹ́ adìẹ ju èyí tí òun lè rù lọ. Ẹ̀gbọ́n ní òun yóò san owó rẹ̀, àbúrò ní òun kò gba owó, wọ́n sì jà lórí ìyẹn títí mo fi lé wọn jáde. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí ó da ẹfun àti ìgbẹ́ adìẹ sí i, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ó sì wá ráhùn fún mi. Ní ọdún kejì, àgbàdo rẹ̀ ga kọjá orí mi. Kò ta ilẹ̀ náà. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò, ó kàn ń fi ọbẹ̀ ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tí mo kọjá lẹ́bàá oko wọn ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n dá mi dúró lẹ́bàá pèrègún, ó sì gbé àpò ọ̀rá kan fún mi tí ó ti bu erùpẹ̀ sí láti ojú ibi ogún, pé kí n bá òun fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn.